Láfún Ọjọ́ Mẹ́ta

Àwọn tó kàwé ń sọ lórí rédíò báyìí pé ojú ọjọ́ ti yí padà, pé òkun ń kún, pé ilẹ̀ ń gbẹ, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ọdún tí ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, kò sì bá orúkọ ńlá kankan wá. Inú àpò láfún mẹ́fà ló wà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi rán ẹnu àwọn àpò náà.

Ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú. Ẹ̀gbẹ́ àwọn aláàdìrẹ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, àwọn yẹn sì máa ń ráhùn pé aṣọ àwọn ń gba òórùn ẹja ṣàwá. Ìyá mi á ní kí wọ́n fi kún owó aṣọ náà ni. Ẹni tó ra ìró, tó tún gba òórùn ọbẹ̀ mọ́ ọn, ṣé kì í ṣe èrè ló jẹ?

Kì í fowó ra ẹja náà. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, níbi tí iyanrìn kan nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀sà àti òkun, obìnrin kan wà tí àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ ń pẹja, tí òun ń yan án. Ẹ̀gẹ́ kì í ta lórí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀. Àwa ní ẹ̀gẹ́, a ò ní ẹja. Àwọn ní ẹja, wọn ò ní ẹ̀gẹ́. Nítorí náà, ní oṣù méjì-méjì, ìyá mi á kó láfún lọ, á kó ẹja bọ̀: àpò láfún kan, apẹ̀rẹ̀ ẹja kan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìyá tó bí ìyá mi àti ìyá tó bí obìnrin náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn ní "oníbàárà mi", èmi sì ń pe obìnrin náà ní Ìyá Etíkun.

Mo kéré nígbà tí bàbá mi kú. Ìyá mi wà nínú opó, kò lè lọ sóko, kò lè lọ sọ́jà, kò sì sí láfún tí yóò fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ìyá Etíkun fi ń fi ẹja ránṣẹ́ sí wa láìgba nǹkan kan. Ìyá mi máa ń sọ ìtàn yìí fún mi nígbàkígbà tí mo bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́. "Ẹja obìnrin yẹn ló wà lára rẹ yẹn," á wí. "Gbogbo eegun rẹ, ẹja ni." Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lórí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìjọba alágbádá ti lò tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mò ń retí lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìkánjú sì ń ṣe mí sí ohun gbogbo. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ díẹ̀, ó dá. Àrọ̀kúrò ò tilẹ̀ yọjú. Ọyẹ́ dé kí ó tó yẹ kó dé, ó sì gbẹ débi pé ètè gbogbo wa ń ya. Àwọn aláró Ìtòkú ń ra omi tí wọn yóò fi po aró, àwọn kan tí agbára wọn ò gbé e da ojú ìkòkò wọn dé, wọ́n jókòó tì í. Ní ọ̀nà Papaláńtò, níbi tí oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wà, iná jó oko láti etí títì dé etí odò. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ nìkan ló kù, igi rẹ̀ ti jóná lórí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ wọn oúnjẹ tí a ń sè, ohun tí mi ò rí kó ṣe rí.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Etíkun fúnra rẹ̀ wá sí Kẹ́mta. Kò wá rí. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé wá, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá mi wò ó, ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ẹ kú ilé o, oníbàárà mi."

"Ẹ kú ọ̀nà jíjìn o. Ẹ kú àárẹ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Àfi òkun tó gba ilé ìdáná mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò tó ń sún ọgbà rẹ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdún kẹta nìyẹn tí òkun ti ń sún mọ́ wọn. Ó ti mú igi àgbọn iwájú lọ, ó ti mú ibi tí wọ́n ń yan ẹja lọ. Omi iyọ̀ ti wọ kànga, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ bu omi mímu ní òdì kejì ọ̀sà. Ẹja tó máa ń bá òjò wọlé ò wọlé, nítorí òjò fúnra rẹ̀ ò wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó wọn ti tọ ẹja lọ sí omi ibòmíràn, wọ́n sì fi ọmọ méje sílẹ̀ fún un.

"Àgbọn là ń jẹ," ó wí. "Ọmọdé ò lè jẹ àgbọn láàárọ̀, kó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kó tún jẹ ẹ́ lálẹ́. Gbogbo wọn ló ń yàgbẹ́ gbuuru."

Ìyá mi ò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kí oṣù yìí tó parí, ẹ ó rí mi. Àpò mẹ́fà."

"Mi ò ní ẹja o, oníbàárà mi."

"Ṣé mo bi yín léèrè ẹja?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́, ó ní orí ìyá mi ti dàrú. Ó ní ẹ̀gẹ́ tó kù nínú ilẹ̀ ò tó ilé tiwa jẹ títí òjò yóò fi rọ̀, ká tó wá máa fi ṣàánú ará ìsàlẹ̀ omi. Ìyá mi ní kó wa tirẹ̀ sọ́tọ̀, kó fi tòun sílẹ̀. Wọ́n pariwo mọ́ra wọn títí àwọn ará agboolé fi dá sí i. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá gbè lẹ́yìn.

Èmi ni wọ́n rán lọ sóko láti ṣe láfún náà, torí ìyá mi ò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ láfún á rò pé ìyẹ̀fun lásán ni. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá irú èyí tó korò tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbìn nítorí kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Àwọn àgbà sì ní ti ọdún ọ̀dá tún máa ń korò jù. Omi ló ń gba oró náà kúrò. A ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sínú odò fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa rùn, a ó fún un, a ó sá a sórí àpáta kó gbẹ, kí a tó lọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù, ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi tẹnu mọ́ ọn fún mi kí n tó wọ mọ́tò: "Má wulẹ̀ ka ọjọ́. Ìka ni kó o fi wò ó. Bí ìka rẹ ò bá wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tó o tẹ ẹ̀kọ, má gbé e."

Odò ti gbẹ. Ihò mẹ́rin péré tí àwọn obìnrin abúlé gbẹ́ sójú ọ̀nà odò ló ń sun omi, gbogbo ilé ló sì ń tò sí i. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn pín in: ọjọ́ mẹ́ta fún ilé kọ̀ọ̀kan. Mo ní márùn-ún ni mo fẹ́. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn dá mi lóhùn pé, "Ará Abẹ́òkúta, ṣé torí o gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ni omi á ṣe dúró dè ọ́?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Bí mo ti máa ń bínú láti kékeré nìyẹn, ìbínú mi ò sì mú ohun rere wálé fún mi rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi inú ihò mi ti fà débi pé ìdajì ẹ̀gẹ́ náà wà lókè, tí ọyẹ́ ń fẹ́ sí i lára. Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ rọ̀, inú rẹ̀ le. Obìnrin ọlọ́mọ yẹn ti gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ dúró sẹ́yìn mi, ó kàn ń mí. Mo lè bẹ̀ ẹ́. Mo lè kúnlẹ̀ fún ìyá olórí, kí n ṣàlàyé pé ọmọ méje tí ebi ń pa ló máa jẹ ẹ́. Mi ò ṣe ọ̀kankan. Ojú ń tì mí láti bẹ ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń ronú lẹ́tà mi tó ṣeé ṣe kó ti dé sí Kẹ́mta. Mo kó ẹ̀gẹ́ náà. Mo fi odó gún èyí tó le kó lè fọ́, mo sá gbogbo rẹ̀ sórí àpáta. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fagbára mú tèmi. Oòrùn àti ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kíákíá. Ó funfun ju láfún èyíkéyìí tí mo ti rí lọ, mo tilẹ̀ ń fi í yangàn fún ara mi.

Nígbà tí mo kó o dé ilé lẹ́yìn tí mo lọ̀ ọ́, ìyá mi bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e símú.

"Láfún yìí ò rùn."

"Ọyẹ́ ni, mọ̀mọ́. Omi tutù gan-an."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Márùn-ún."

Ó wò mí. Mo wò ó padà, mi ò gbójú sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbójú sílẹ̀ ló ń parọ́ lójú tirẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, oṣù sì ń parí lọ. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, ó bá mọ́tò ẹlẹ́rù lọ.

Láfún díẹ̀ ṣẹ́ kù tí kò wọ inú àpò. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó lọ yẹn, mo rò ó, mo fi ata àti epo jẹ ẹ́, kò sẹ́ja. Kí n tó fọ abọ́ tán, orí mi ń yí. Ilẹ̀ ń gbé mi. Mo bì, mo tún bì, àyà mi ń lù kìkìkì bí ẹni sáré gun òkè. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbé agboolé bá mi níbi tí mo di ògiri mú. Kò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọjọ́ mélòó lo rẹ ẹ́?"

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ọjọ́ kan.

"Mẹ́ta, mà."

"Ẹ̀gẹ́ ló ń pa ọ́." Ó rọ epo pupa sí mi lẹ́nu, ó tẹ́ mi sórí ẹní. "Ta ló tún jẹ nínú rẹ̀?"

Mo dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń ṣírò. Àgbà ni mí, òkèlè bíi mélòó kan ni mo jẹ, mo sì ti jẹun lánàá. Àwọn ọmọ yẹn ò jẹun. Bí wọ́n bá gbé láfún síwájú wọn, wọn ò ní jẹ òkèlè mẹ́ta kí wọ́n dúró. Wọ́n á jẹ ẹ́ títí ikùn wọn yóò fi le. A ti máa ń gbọ́ ọ ní ilẹ̀ wa pé ilé báyìí jẹ láfún tuntun, ilẹ̀ ò mọ́ bá wọn. Mo máa ń rò pé àwọn àgbà ń fi í dẹ́rù bani ni.

Kí ojú ọ̀run tó là dáadáa ni mo ti wà ní gárééjì, orí ṣì ń yí mi. Mọ́tò kan gbé mi dé Ṣàgámù, òmíràn gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó ń lọ sí etí ọ̀sà ò gbéra. Dẹ́rẹ́bà ní èrò ò tíì pé. Oòrùn ga, mò ń wo àwọn obìnrin tí ń ta gúgúrú, mò ń wí nínú mi pé wọ́n ti ń dáná báyìí, wọ́n ti ń rò ó báyìí, wọ́n ti fọwọ́ báyìí. Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, alọ́kọ̀ ojú omi náà tún ní òun ò lọ àfi bí ọkọ̀ bá kún. Mo pariwo mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ mi ló ní ẹ̀mí."

Ó tó ìrọ̀lẹ́ kí a tó gúnlẹ̀. Mo ti bá ìyá mi débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo sì rántí ni àgbọn tó tò lọ rẹrẹ, àti èéfín ẹja lójú ọ̀nà. Mi ò rí èéfín kankan. Àwọn igi àgbọn náà wà nílẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sókè, omi ń wọ àárín wọn, ó ń jáde. Férémù ilẹ̀kùn kan dá dúró nínú omi, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó já mi láyà jù ni pé ibẹ̀ dákẹ́. Ibi tí ọmọ méje bá wà, ariwo máa ń wà. Mo sáré, iyanrìn ń fa ẹsẹ̀ mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi òkun.

Mo bá wọn lábẹ́ ahéré kan. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó fi gèlè di orí rẹ̀ le, ó gbé orí ọmọbìnrin kékeré kan sórí itan. Àwọn yòókù wà nílẹ̀ káàkiri. Mo rò pé wọ́n ti kú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè wò mí, ó sì tún gbé e lélẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?" ni ìyá mi wí.

Wọ́n ti jẹ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Gbogbo wọn ló bì. Kékeré tó wà lórí itan rẹ̀ yìí ò lè dìde títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Omi àgbọn ni wọ́n ń rọ fún un. Ìyá mi rò pé omi tí wọ́n fi rò ó ni, pé iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ó ti ń múra láti fi òmíràn sè lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, pẹ̀lú ihò omi, pẹ̀lú obìnrin ọlọ́mọ, pẹ̀lú odó. Mo rò pé á gbá mi létí. Ì bá sàn.

"Mo bi ọ́," ó wí. "Ní Kẹ́mta. Mo bi ọ́."

Mi ò lè dúró síbẹ̀. Mo wọ inú ilé tó wà lẹ́yìn ahéré náà, mo rí àwọn àpò náà, mo wọ́ ọ̀kan jáde síhà òkun. Ìyá Etíkun tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ agbá omi ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí okùn àwọ̀n.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Mo fẹ́ dà á nù, mà. Oró wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo ti gbọ́. Kí lo gbé wá dípò rẹ̀?"

Mi ò gbé nǹkan kan wá. Láti Abẹ́òkúta dé etíkun, pẹ̀lú gbogbo ìpayà mi, kò wá sí mi lọ́kàn láti gbé gàrí kóńgò kan dání. Ẹnu lásán ni mo gbé wá. Mo ti rò pé bí mo bá ti lè dé, tí mo bá ti lè sọ pé kí wọ́n má jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò ronú kan ohun tí wọn yóò jẹ.

"Òkun ń jẹ ilẹ̀ mi," ni Ìyá Etíkun wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè, "o tún fẹ́ bu láfún fún un."

Ó gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó wọ́ ọ padà sílé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti ń pa òwe yẹn láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ní àárọ̀, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n gbé e yẹ̀wò. Ìyá mi ní òun gbọ́ lẹ́nu ìyá òun pé láfún tó bá lóró, wọ́n máa ń fi omi tútù pò ó padà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sóòrùn, kí oró náà lè bá oòrùn lọ. Òun ò ṣe é rí. Òun ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ ló ń jáde. Ìyá Etíkun bi í pé omi wo. Ìyá mi ní omi tó dára, omi iyọ̀ ò ní ṣe é. Omi tó dára tó wà nílé náà kò ju agbá kan lọ, gbogbo wọn ló ń mu ún, ọkọ̀ tí yóò lọ bu òmíràn kò ní lọ títí di ọ̀tunla. Mo rí i bí Ìyá Etíkun ṣe wo agbá náà, tó wo àwọn ọmọ, tó tún wo agbá náà.

"Ẹ bù ú," ó wí.

A tú àpò kan péré. A pò ó, a tẹ́ ẹ sórí ẹní àti aṣọ ìgbòkun àtijọ́ kan, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí aṣọ tí a sá. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Atẹ́gùn ń gbé iyanrìn sí i, mò ń ṣà á. Adìẹ ń bọ̀, mò ń lé e. Àwọn ọmọ tí ara wọn ti ń yá díẹ̀ wá jókòó yí i ká, wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń gbẹ. Ọ̀kan fi ìka kan án, ó fẹ́ lá a, mo gbá a lọ́wọ́, ó sì wò mí bí ẹni wo ọ̀tá. Mo fọ́ àgbọn fún un. Ó jù ú sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni a rò ó, lẹ́yìn tí oòrùn ti ga. Ó wà nínú abọ́ níwájú wa, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá mi na ọwọ́ sí i.

"Èmi ni kí n tọ́ ọ wò," ó wí.

"Rárá, mọ̀mọ́. Èmi ni mo ṣe é."

Ó fẹ́ bínú sí mi. Ìyá Etíkun ló gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò nídìí abọ́. "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, oníbàárà mi. Ọmọ yín ló mọ ọjọ́ tó rẹ ẹ́."

Mo fọwọ́. Mo ní bísímílàhì. Mo bu òkèlè, mi ò bu kékeré, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí, àti torí pé bí mo bá tọ́ ọ díẹ̀, kò ní sọ òtítọ́. Mo jẹ ẹ́ tó ìwọ̀n tí ọmọdé á jẹ yó. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sí òjìji ahéré, mo gbé ọwọ́ lé itan, a sì ń retí.

Mi ò rí ìdúró tó gùn tó yẹn rí. Gbogbo nǹkan tó bá rìn nínú ikùn mi, mo ń rò pé òun nìyẹn. Orí mi fẹ́ yí, mi ò mọ̀ bóyá oró ni tàbí ẹ̀rù. Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi, mo tún bẹ̀rù pé bí mi ò bá jẹ́ kó hàn, irọ́ kejì ni mò ń pa yẹn. Nígbà tí òógùn bò mí, mo sọ fún wọn. Ìyá mi fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní oòrùn ni. Ó kí ìrun ọ̀sán níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

Àwọn ọmọ méjèèje tò síwájú mi lórí iyanrìn. Ojú wọn ò kúrò lójú mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún wọn pé a ń dúró dè, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí mo bá mira, wọ́n á mira. Bí mo bá dorí kodò, wọ́n á sún mọ́ mi. Oúnjẹ náà ti tutù, ó ti le lójú.

Ó ti ń tó àkókò ìrun Alásárì nígbà tí kékeré tí kò lè dìde lọ́jọ́ ìjọsí dìde. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó tẹjú mọ́ mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Etíkun, inú ń bí i.

"Màmá, kò mà tíì kú o. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyá Etíkun wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún wọn láti orí èyí tó kéré jù.